Ètò orin ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ tó dá lórí àyájọ́ aláràbarà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Atọ́kùn Alẹ́ Àìkú (Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí gbohùngbohùn. Ilé-iṣẹ́ rédíò tí mo wà ti fún mi ní wákàtí kan ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, kí n máa fi ṣe ètò orin. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dá lórí àyájọ́ kan tí àwọn èèyàn kì í sábà gbọ́. Gbogbo wa la mọ àyájọ́ òmìnira, a mọ ti àwọn olùkọ́, a mọ Kérésì àti Iléyá. Àmọ́ àyájọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wà, ti oyin wà, ti àwọn tó ń lo ọwọ́ òsì náà wà. Mo fẹ́ máa mú ọ̀kan lọ́sẹ̀, kí n sọ ìtàn rẹ̀ ní ṣókí, kí n wá fi orin Yorùbá tó bá a mu tì í lẹ́yìn.

Ọ̀gá mi ti fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fẹ́ kí n kàn máa ka kàlẹ́ńdà sétí aráàlú. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Níbo ni mo ti lè rí àyájọ́ tó jẹ́ òótọ́? Báwo ni mo ṣe máa kó orin jùjú àti fújì tó gùn sínú wákàtí kan? Ọjọ́ wo sì ló yẹ kí n fi ṣí ètò náà? Ẹni tó bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi.

Bàbá Àwo Orin (Ìbàdàn)

Àbúrò, o kú orí ire. Wákàtí kan lálẹ́ Àìkú kì í ṣe ohun kékeré, àwọn èèyàn ti wà nílé nígbà yẹn, wọ́n ń múra ọjọ́ Ajé, etí wọn sì ṣí.

Ọ̀sẹ̀ tí ọjọ́ 13 oṣù kejì bá bọ́ sí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Àyájọ́ rédíò lágbàáyé ni. UNESCO, àjọ ẹ̀kọ́ àti àṣà lágbàáyé, ló kéde rẹ̀ ní 2011, wọ́n sì mú ọjọ́ yẹn nítorí pé ọjọ́ 13 oṣù kejì 1946 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá rédíò tirẹ̀ sílẹ̀. Sọ ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, má ṣe pẹ́ níbẹ̀. Ilé ni kó o tètè mú un wá. Ní 1935 ni rédífúṣọ̀n dé Èkó, ní 1939 ó dé Ìbàdàn: àpótí tí wọ́n fi wáyà fà wọ inú ilé, tí èèyàn ń san owó lórí rẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn àgbà tó dàgbà sí ẹ̀gbẹ́ àpótí yẹn ṣì wà láyé. Ṣí fóònù fún wọn. Ní kí wọ́n sọ ilé tí wọ́n ti ń lọ gbọ́ ọ, kí wọ́n sì dárúkọ orin tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ níbẹ̀. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ ni kó o lọ wá lọ́sẹ̀ kejì.

Ìyẹn ló máa yà ọ́ kúrò lára ẹni tó ń ka kàlẹ́ńdà. Àyájọ́ kàn ń fún ọ láǹfààní láti gbé àwo tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn mọ́ sórí afẹ́fẹ́ ni. Bí àyájọ́ kan bá dùn létí ṣùgbọ́n tí o ò rí orin gidi mẹ́ta tó bá a lọ, fi í sílẹ̀, bó ti wù kó pa ni lẹ́rìn-ín tó.

Ìyá Ètò (Òṣogbo)

Ọmọ mi, màá dáhùn ti ibi tí wàá ti rí àyájọ́, torí iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe nìyẹn.

Ìkànnì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ni kó o kọ́kọ́ lọ. Wọ́n to gbogbo àyájọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí síbẹ̀, pẹ̀lú ìdí tí wọ́n fi yan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Wàá rí ti ẹ̀wà àti àwọn ẹbí rẹ̀, ọjọ́ 10 oṣù kejì. Wàá rí ti kẹ̀kẹ́ ológeere, ọjọ́ 3 oṣù kẹfà. Wàá rí ti oyin, ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, tí wọ́n fi ń rántí Anton Janša, ará Slovenia kan tó fi ọ̀nà sísin oyin kọ́ àwọn èèyàn ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ńlá kan wà tí àwọn ará rédíò ní Amẹ́ríkà ti ń lò láti ìgbà pípẹ́, Chase's Calendar of Events. Ní ìlú Flint ní Michigan ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1957, ọdọọdún ló sì ń jáde. Bí ilé ìkàwé yunifásítì kan bá ní in nítòsí rẹ, lọ wò ó.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣọ́ra fún ni àwọn àyájọ́ tí a ò mọ ẹni tó dá wọn sílẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún wọn. Ẹnì kan tó ń ta bisikíìtì á jí lọ́jọ́ kan, á ní àyájọ́ bisikíìtì ni òní, ọgọ́rùn-ún ìkànnì á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí o kò bá rí ẹni tó dá a sílẹ̀ àti ọdún tó bẹ̀rẹ̀, má gbé e sórí afẹ́fẹ́. Olùgbọ́ kan máa pè ọ́, á bi ọ́ léèrè, o kò sì ní rí èsì fún un.

Ọ̀rọ̀ kan kù: ọjọ́ Àìkú nìkan lò ń jáde, àyájọ́ kì í sì í fi gbogbo ìgbà bọ́ sí Àìkú. Èyí tó ń bọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ ni kó o máa mú, má mú èyí tó ti kọjá. Àwọn èèyàn fẹ́ràn ohun tí wọ́n ṣì lè retí.

Agbọ́ròyìn (Ìkòròdú)

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Kí ló kàn wá nínú àyájọ́ àwọn òyìnbó? Ọdún tiwa ò tán. Ojúde Ọba wà, Ọ̀ṣun Òṣogbo wà, Agẹmọ wà. Kí ló dé tí a fi máa fi wákàtí odindi sọ̀rọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́?

Bàbá Àwo Orin (Ìbàdàn)

Agbọ́ròyìn, ìbéèrè gidi lo bi. Jẹ́ kí n fi àwo orin dá ọ lóhùn.

Ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ni àyájọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lágbàáyé. Ní 1973, Ebenezer Obey gbé àwo kan jáde, ìtàn bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ wọn ló wà nínú rẹ̀: bàbá gùn ún, ayé sọ̀rọ̀, ọmọ gùn ún, ayé tún sọ̀rọ̀, wọ́n jọ gùn ún, wọ́n jọ fẹsẹ̀ rìn, ẹnu ayé ò pa mọ́. Ta ni kò mọ̀ ọ́n nílẹ̀ Yorùbá? Èmi ò mọ orin mìíràn tí ọmọdé àti àgbà jọ ń sọ ìtàn inú rẹ̀ báyìí. Tí o bá gbé e sí i lálẹ́ ọjọ́ yẹn, àyájọ́ òyìnbó dà? Ó ti di tiwa.

Ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ni àyájọ́ àwọn òkè ńlá lágbàáyé. Àwa ará ibí lè wò ó bí ohun tí kò kàn wá. Ṣùgbọ́n Síkírù Àyìndé Barrister fúnra rẹ̀ ló sọ pé ara àwòrán òkè Fuji ní Japan tí òun rí ní pápákọ̀ òfurufú ni òun ti mú orúkọ tí òun fún orin fújì. Òkè yẹn ga ní mítà 3,776. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá 2010, ìyẹn láàárín ọjọ́ márùn-ún sí àyájọ́ yẹn gan-an, ni Barrister sì kú ní London. Ètò wákàtí kan ti délẹ̀ nìyẹn: láti orí òkè dé orí wéré tí wọ́n fi ń jí àwọn èèyàn sí sààrì, dé orí fújì.

Nínú oṣù kẹwàá, Igbó-Ọrà máa ń ṣe ọdún ìbejì, àwọn àlejò sì ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Ìbejì wo ló kọrin jù ní ilẹ̀ wa? Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu. Ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1948 ni wọ́n bí wọn, àwo mẹ́rin ni wọ́n sì ṣe fún Afrodisia, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, láàárín 1976 sí 1979. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ìlú yìí ò mọ orúkọ wọn rárá, àwọn òyìnbó sì ń wá àwo wọn kiri. Ó ń dùn mí. Bó bá jẹ́ àyájọ́ kan ló máa jẹ́ kí ọmọ Abẹ́òkúta gbọ́ wọn, kó wáyé kíákíá.

Ọmọ Ìtòkò (Abẹ́òkúta)

Bàbá, ẹ ti sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ẹ fo ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fò ní ìlú wa. Ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún. Ọjọ́ yẹn ní 1980 la pàdánù Àyìnlá Ọmọwúrà, olórin àpàlà wa. Bí atọ́kùn ètò bá ń jáde láti Abẹ́òkúta tí ọ̀sẹ̀ yẹn sì kọjá láìsí àpàlà, àwa ọmọ Ìtòkò máa pè é.

Atọ́kùn Alẹ́ Àìkú (Abẹ́òkúta)

Ẹ̀gbọ́n Ìtòkò, mo gbọ́ o! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo rí lórí kàlẹ́ńdà: ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún yẹn kan náà ni àyájọ́ àkọ́díọ̀nù lágbàáyé. Ọjọ́ yẹn ní 1829 ni Cyrill Demian kó ìwé ohun èlò náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní Vienna kí wọ́n lè fún un ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Mo ti ń ronú I.K. Dáíró láti ìgbà tí mo ti rí i. Ṣé mo lè fi àwọn méjèèjì sínú wákàtí kan?

Bàbá Àwo Orin (Ìbàdàn)

O lè ṣe é, tí o bá mọ̀ ọ́n tò. I.K. Dáíró ló gbé àkọ́díọ̀nù wọ inú jùjú, òun náà sì ni Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963. Àyìnlá ò lo àkọ́díọ̀nù ní tirẹ̀, ìlù àti ohùn ló ń fi ṣe é. Nítorí náà, má ṣe fi tipátipá so wọ́n pọ̀. Fi ìdajì wákàtí àkọ́kọ́ ṣe Dáíró, orin rẹ̀ kò gùn, o lè rí márùn-ún tàbí mẹ́fà kó sí i. Nígbà tó bá di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, dákẹ́ díẹ̀, sọ ohun tí ọjọ́ náà jẹ́ fún Ẹ̀gbá, kó o wá jẹ́ kí Àyìnlá gba ìyókù. Má ṣe sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Lójú tèmi, ikú Àyìnlá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹ̀rín tọ́kùn. Yí ohùn rẹ padà níbẹ̀.

Ẹnjiníà Sítúdíò (Àkúrẹ́)

Mo fẹ́ dáhùn ti orin gígùn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ atọ́kùn láàmú nìyí, wọ́n á wá máa gé orin bó ṣe wù wọ́n.

Láti nǹkan bí 1970 lọ ni àwọn ẹgbẹ́ jùjú ti ń fi orin kan gba odindi ojú àwo, fújì náà sì tẹ̀ lé wọn. Ojú kan máa ń tó ogún ìṣẹ́jú. Tí o bá gbé mẹ́ta sí i, ètò rẹ ti parí láìsí pé o la ẹnu. Àwọn àwo kéékèèké ọdún 1950 sí 1960, ti ìyípo 78 àti ti 45 ní ìṣẹ́jú kan, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Inú wọn ni Dáíró, Victor Ọláìyá àti Roy Chicago wà dáadáa. Fi àwọn yẹn ṣe òpó ètò rẹ, kó o wá fi orin gígùn kan ṣoṣo ṣe ọba alẹ́ náà.

Bí mo ṣe máa ń pín in rèé. Nínú ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ìpolówó àti orúkọ ilé-iṣẹ́ máa gba mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ àti ti àwọn tó pè kò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ. Ogójì ló kù fún orin. Orin gígùn kan lè gba mẹ́tàlá, apá kan nínú àwo jùjú máa gba mẹ́sàn-án, kéékèèké mẹ́rin á gba méjìlá. Mẹ́fà tó kù jẹ́ ti orin tí olùgbọ́ bá béèrè.

Ní ti gígé: gbọ́ ojú àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó di ọjọ́ ètò. Orin inú rẹ̀ máa ń yí padà. Wàá gbọ́ ibi tí elégbè ti parí orin kan tí gìtá nìkan sì ń lọ kí olórin tó mú òmíràn. Ibẹ̀ ni kó o ti rọra fà á sílẹ̀. Má gé e nígbà tí wọ́n ń ki èèyàn, má sì gé e nígbà tí gángan ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Àwọn àgbà tó ń gbọ́ ọ mọ ohun tí ìlù yẹn fẹ́ sọ, wọ́n sì máa mọ̀ pé o gé e lẹ́nu. Ohun mìíràn: àwo àtijọ́ kì í lọ sókè bíi ti ìsinsìnyí. Gbé ohùn gbogbo wọn dọ́gba sórí kọ̀ǹpútà kó tó di alẹ́ Àìkú, kí olùgbọ́ má baà máa fọwọ́ yí rédíò rẹ̀ lẹ́yìn orin kọ̀ọ̀kan.

Ọ̀ṣọ́ Ẹ̀gbá (Ṣàgámù)

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ṣe ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín fún àwọn tó wà ní sítúdíò wa.

Ará Houston (Texas)

Ẹ kú ilé o. Mo ń ṣe ètò Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbí, nítorí náà mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ dé Amẹ́ríkà.

Òfin ibí fún rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ pé láàárín wákàtí mẹ́ta, o kò gbọdọ̀ gbé ju orin mẹ́ta lọ láti inú àwo kan, a ò sì gbọdọ̀ gbọ́ ju méjì lọ nínú wọn léraléra. Bó bá jẹ́ olórin kan ṣoṣo, mẹ́rin ni òpin, mẹ́ta ni léraléra. Òfin náà kò sì fẹ́ kó o kéde àkọlé orin tí o fẹ́ gbé kó tó di àsìkò rẹ̀. O lè dárúkọ àwọn olórin díẹ̀ láti fi ṣe àpẹẹrẹ, ṣùgbọ́n má to àkọlé orin sórí Facebook lọ́jọ́ Ẹtì. Nítorí náà, orin Dáíró mẹ́fà yẹn dára fún afẹ́fẹ́ Abẹ́òkúta, kò ní bá òfin ibí mu. Èmi á fi mẹ́ta sílẹ̀, màá wá fi orin àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kún àyè tó kù.

Tí o bá fẹ́ kí àwọn èèyàn lè padà gbọ́ ètò náà, Mixcloud, ìkànnì tí a ń gbé ètò orin sí, ló rọ̀ mí lọ́rùn jù, torí pé wọ́n ti ní àdéhùn pẹ̀lú àwọn tó ni orin. YouTube lè dí ètò rẹ pa nítorí orin kan ṣoṣo.

Nílé ńkọ́? Bi ọ̀gá rẹ bóyá ilé-iṣẹ́ yín ti ní ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ MCSN, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin fún àwọn tó ni ín. Kó o máa kọ gbogbo orin tí o bá gbé sílẹ̀: àkọlé, ẹni tó kọ ọ́, ilé-iṣẹ́ tó gbé e jáde, iye ìṣẹ́jú. Ìdílé àwọn olórin yẹn ṣì wà láyé, owó yẹn tọ́ sí wọn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ wa ní Benin, a mọ ọjọ́ 21 oṣù kẹfà dáadáa. Fête de la Musique ni. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1982, nígbà tí Jack Lang jẹ́ mínísítà àṣà, ó sì ti di ohun tí a ń ṣe ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ náà. Òfin rẹ̀ ò ju pé kí ẹni tó lè ta gìtá tàbí tó lè lu ìlù jáde síta kó wá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́, ì báà jẹ́ ọmọṣẹ́ tàbí ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àbúrò, má gbé àwo kankan. Gbé gbohùngbohùn jáde, lọ sọ́dọ̀ àwọn onísákárà tó kù ní Abẹ́òkúta, lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, lọ sọ́dọ̀ ọmọ iléèwé tó ń fọn fèrè. Gba ohùn wọn sílẹ̀ lọ́sàn-án, kó o gbé e sí i lálẹ́. Ìlú Yusuf Ọlátúnjí ni ẹ wà o, Baba l'Ẹ́gbàá. Kí sákárà má parẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìyá Ètò (Òṣogbo)

Mo padà wá nítorí ohun tí Agbọ́ròyìn sọ lẹ́ẹ̀kan. Apá kan wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo gbà.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ni àyájọ́ ẹ̀fọn lágbàáyé, torí pé ọjọ́ yẹn ní 1897 ni Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn ní Íńdíà. Àyájọ́ tó dùn ún fi ṣe ètò ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn náà ni ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti ń ṣe é ṣáájú, nígbà tó sì di 2023, Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ náà fún àwọn òṣìṣẹ́ ní ìsinmi fún un. Má gbé ẹ̀fọn síwájú Ìṣẹ̀ṣe. Mú ẹ̀fọn lọ sí ọjọ́ 25 oṣù kẹrin tó jẹ́ àyájọ́ ibà, kó o fi ọ̀sẹ̀ Ìṣẹ̀ṣe gbé bàtá, ìgbìn àti ẹsẹ̀ Ifá. Pe ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ wá sí sítúdíò, má ṣe fi ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́.

Bákan náà ni ọjọ́ 2 oṣù kejì. Ní Punxsutawney ní Amẹ́ríkà, láti 1887 ni wọ́n ti ń wo ẹranko kan lọ́jọ́ yẹn láti mọ̀ bóyá òtútù máa pẹ́. Ó dára láti fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní Salvador ní Brazil, àwọn èèyàn ń ru òdòdó àti ẹ̀bùn lọ sí etí òkun fún Yemọja. Ẹ̀sìn tí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa gbé lọ ni, ó sì la ìyà já. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, má pè é ní àyájọ́ aláràbarà. Ìjọsìn èèyàn kì í ṣe ohun ìdárayá fún ètò orin.

Agbọ́ròyìn (Ìkòròdú)

Mà, ẹ ṣeun. Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyẹn. Ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ yẹn, mo ti gbà fún Bàbá Àwo.

Olóhùn Ọ̀rọ̀ (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọjọ́ 1 oṣù kẹrin, torí mo mọ̀ pé ó máa wù ọ́. Ní 1957, BBC fi fíìmù kan hàn lọ́jọ́ yẹn, pé àwọn ará Switzerland ń ká sìpàgẹ́tì lórí igi. Àwọn èèyàn pe ilé-iṣẹ́ náà láti béèrè bí àwọn náà ṣe lè gbìn ín. Sọ ìtàn yẹn, ó dùn. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ má ṣe pa irọ́ kankan lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó ń gbọ́ ọ lábúlé gbà pé ohun tí rédíò bá sọ ló rí bẹ́ẹ̀. Tí o bá ní Sunny Adé ń bọ̀ wá ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbàgede ìlú, ẹnì kan máa wọkọ̀ wá.

Wọléwọlé Tẹ́lẹ̀ (Ìlaròó)

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi kì í ṣe ará rédíò. Iṣẹ́ ìmọ́tótó ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọmọ mi ló fi ìjíròrò yìí hàn mí. Mo rí i pé atọ́kùn mẹ́nu ba àyájọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì ń bẹ̀ yín kí ẹ má kàn fi rẹ́rìn-ín lọ.

Ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá ni. Jack Sim, ọmọ Singapore kan, ló dá ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ní 2001, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì tẹ́wọ́ gbà á ní 2013. Ọkùnrin yẹn mọ̀ pé ojú ń ti àwọn èèyàn láti sọ̀rọ̀ ìgbẹ́, ó sì lo ẹ̀rín láti fi la ọ̀nà. A ṣì ní ilé tí kò ní ṣáláńgá nínú ìlú wa. Àwọn ọmọ ń kó àrùn onígbá méjì níbi omi tí ìgbẹ́ ti wọ̀. Mo ti rí i lójú mi.

Ní ti orin, àwo Fẹlá ti 1975 wà, Expensive Shit. Ojú kìíní rẹ̀ sọ bí ọlọ́pàá ṣe tì í mọ́lé tí wọ́n ń dúró de ìgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹ̀rí igbó nínú rẹ̀. Yí i sí ojú kejì, Water No Get Enemy ni. Ìgbẹ́ ní ojú kan, omi ní ojú kejì: gbogbo ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ló wà lára àwo yẹn. Pe wọléwọlé ìjọba ìbílẹ̀ yín wá kó fi ìṣẹ́jú mẹ́rin péré sọ bí èèyàn ṣe lè gbẹ́ ṣáláńgá tí kò ní ba kànga jẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbé omi Fẹlá sí i.

Ẹnjiníà Sítúdíò (Àkúrẹ́)

Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìmọ̀. Atọ́kùn, orúkọ ojú kìíní yẹn ní ọ̀rọ̀ rírùn nínú. Fi han ẹni tó ń mójú tó òfin NBC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ní ilé-iṣẹ́ yín kó tó di ọjọ́ náà. Tí wọn ò bá gbà, sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu, kó o gbé ojú kejì. Ó ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, òun ni ọba alẹ́ yẹn.

Ọlọ́wọ́ Òsì (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ni tiwa, àwa tó ń lo ọwọ́ òsì. Mo bẹ̀ yín, ẹ fún wa ní fóònù lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ yòówù lọ. Àwa tí wọ́n nà nílé-ìwé torí pé a fi òsì kọ̀wé pọ̀ nílùú yìí. Àwọn kan ṣì ń fi ọ̀tún kọ̀wé títí dòní, wọn ò sì mọ̀ ọ́n kọ kó dáa. Ẹ gbé Jimi Hendrix díẹ̀, òun náà ta gìtá lọ́wọ́ òsì. Kí ẹ wá onílù tiwa kan tó ń fi òsì mú ọ̀pá, kí ó wá sọ bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe gbà á láyè.

Atọ́kùn Alẹ́ Àìkú (Abẹ́òkúta)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín pátápátá. Mo ti kọ ti ọjọ́ rédíò sílẹ̀, mo ti kọ ti Dáíró àti Àyìnlá, ti òkè Fuji, ti wọléwọlé. Mo ti bá onílù kan sọ̀rọ̀ fún ti ọlọ́wọ́ òsì, ó ní òun máa wá. Ìbéèrè kan ló kù. Àwọn ọ̀sẹ̀ kan wà tí mi ò rí àyájọ́ tó ní orin gidi. Ní òpin oṣù kẹrin, ó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Ní oṣù kìíní, kò fi bẹ́ẹ̀ sí nǹkan. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Àwo Orin (Ìbàdàn)

Ibi tó bá ti kún, yan ọ̀kan kó o sì fọkàn sí i. Ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ni ti ijó, ọjọ́ 30 ni ti jáàsì. Èmi á mú jáàsì, torí pé ọjọ́ 30 oṣù kẹrin 2020 ni Tony Allen kú ní Paris, ọkùnrin tó lu ìlù fún Fẹlá títí afrobeat fi dúró. Má ṣe fi ijó pọ̀ mọ́ ọn, ó tó wákàtí kan fúnra rẹ̀.

Ibi tó bá gbẹ, fi ọ̀sẹ̀ náà fún àwọn olùgbọ́. Ní kí wọ́n mú àwo tó wà nílé bàbá wọn wá sí sítúdíò, kí wọ́n sọ ọjọ́ tí ẹbí wọn máa ń gbé e sí i: ọjọ́ ìkómọ, ọjọ́ ìjáde òkú, ọjọ́ tí bàbá gba owó ìfẹ̀yìntì. Ẹnjiníà yín á gbà á sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó dá àwo padà fún wọn. Àwọn àwo tí n kò tíì rí láti ìgbà tí mo ti ń kó wọn jọ wà nínú yàrá àwọn èèyàn yẹn. Tí o bá rí ti Túndé King, olórin jùjú àtijọ́ nì, kan, jọ̀ọ́, pè mí kó o tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Mo máa wọkọ̀ wá láti Ìbàdàn.